Matha patti Jaipur: ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó ní Johari Bazaar, ní ìlú Jaipur ní Íńdíà, mọ ọjà pàtẹ. Wọ́n á tẹ́ matha patti, ohun ọ̀ṣọ́ orí ìyàwó, sórí aṣọ àrán, wọ́n á tan iná funfun lé e lórí, òkúta á máa kọ mànà, péálì á tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀, oníbàárà á sì ti máa fọwọ́ kan pọ́ọ̀sì. Kí ẹ tó béèrè iye, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ iná yẹn, kí ẹ sì da ojú rẹ̀ dé sórí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ti ń hàn.

Matha patti ni ìyàwó ń dé láti iwájú orí títí dé òkè etí méjèèjì, ní àríwá Íńdíà àti ní Pakistan. Ṣéènì àárín gba orí ìlà tí wọ́n fi pín irun sí méjì, ìkọ́ rẹ̀ wà lókè orí, pẹ́ńdáǹtì rẹ̀ sì ń bọ́ sílẹ̀ sí iwájú orí. Apá méjì yòókù ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ irun lọ sí ọ̀tún àti òsì, ìkọ́ tiwọn sì wà lẹ́yìn etí. Bí a bá yọ apá méjèèjì yìí kúrò, tí ó ku ti àárín nìkan, maang tikka nìyẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò fún ìnáwó lásán láìjẹ́ pé wọ́n ń ṣe ìyàwó. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń rà wọ́n, àmọ́ ìṣòro wọn kò dọ́gba, nítorí náà matha patti gan-an ni a ó fi ṣe òdiwọ̀n níbí.

Ibi tó ń jókòó sí ló sọ ọ́ di ohun ìgbéyàwó. Ní ìdílé Híńdù púpọ̀, ojú ìlà irun yẹn ni ọkọ ń fi sindoor sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyẹ̀fun pupa tí ń fi hàn pé obìnrin ti ní ọkọ. Ọkọ gbọ́dọ̀ gbé ṣéènì tikka sókè kí ó tó lè rí àyè fi í sí i. Ibi tí pẹ́ńdáǹtì bọ́ sí, lókè agbede méjì ojú, ni àwọn tí ń ṣe yoga ń pè ní ibùjókòó ajna, ojú inú. Tikka sì wà lára ẹ̀ṣọ́ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń kà fún ìyàwó, tí wọ́n ń pè ní solah shringar. Ní ayé àtijọ́, bí ọkọ obìnrin bá kú, wọn kì í jẹ́ kó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí mọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti pa àṣà yẹn tì, àmọ́ àwọn àgbàlagbà kò gbàgbé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti àwọn Híńdù nìkan ni. Àwọn Sikh ń lò ó, àwọn Mùsùlùmí Lahore, Lucknow àti Hyderabad ń lò ó, wọ́n sì tún máa ń fi jhoomar kún un, èyí tó ṣe bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ orí, ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ojúlówó matha patti Jaipur jẹ́ iṣẹ́ kundan. Alágbẹ̀dẹ kan á fi góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àpótí kéékèèké tó ní ihò nínú. Wọ́n á rọ lákì sínú rẹ̀, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń ṣe sára igi, kí góòlù má baà tẹ̀. Wọ́n á tẹ́ bébà fàdákà tín-ín-rín sí abẹ́ òkúta kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi góòlù mímọ́ tí wọ́n ti lù di ẹ̀wẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ há òkúta mọ́ àyè rẹ̀ yíká, wọ́n á máa fi irin tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì mọ́ ọn. Kò sí èékánná irin tó di òkúta mú, kò sì sí gúlúù. Bí òkúta bá jẹ́ dáyámọ́ńdì tí wọn kò gé, polki ni wọ́n ń pè é, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì, kundan ni ọlọ́jà ń pè é lásán. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi í ni pé, «Ṣé dáyámọ́ńdì ni àbí gíláàsì?», kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí rìsíìtì.

Ẹ̀yìn wá ni wọ́n ń fi meenakari sí, àwọ̀ gíláàsì tí wọ́n fi iná yan mọ́ góòlù: òdòdó pupa, ewé àwọ̀ ewé, ilẹ̀ funfun. Àwọn kan rò pé afẹ́ ni, pé kí ló dé tí èèyàn á fi kun ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe. Góòlù tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rọ̀, òógùn àti awọ orí á máa jẹ ẹ́ lọ, meenakari ni ààbò rẹ̀. Pupa ni ó le jù lọ láti ṣe, nítorí kò lè fara da iná púpọ̀. Àwọn àwọ̀ tó lè fara da iná ni wọ́n kọ́kọ́ ń yan, pupa ló ń gbẹ̀yìn. Bí pupa ẹ̀yìn matha patti bá dá ṣáká, tí ó mọ́lẹ̀ bí omi zobo nínú ife, ọwọ́ ọ̀gá ló ṣe é. Bí ó bá ṣókùnkùn, tí ó dà bíi pé ó jóná, ẹ ná an sísàlẹ̀.

Nínú àwọn ayédèrú, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ẹ̀yìn. Ẹ fi èékánná ha á díẹ̀ níbi kọ̀rọ̀: ọ̀dà á bó tàbí kí ó ní ojú ìlà, meenakari kò ní mira. Ó tutù, ó sì ń yọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ibi tí òkúta wà pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí gúlúù tó gbẹ, tó ṣe fúlẹ́fúlẹ́ ní etí òkúta, iṣẹ́ lílẹ̀ ni, kì í ṣe kundan, bó ti wù kí ọlọ́jà búra tó. Ẹ tún mú aṣọ funfun tó mọ́, kí ẹ fi nu ẹ̀yìn rẹ̀ kíkankíkan. Bí aṣọ bá dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé, bàbà tàbí idẹ ló wà nísàlẹ̀, góòlù orí rẹ̀ sì ti ń ṣí. Mágínẹ́ẹ̀tì kò tó láti fi dán an wò: bí ó bá fà á, irin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, ìyẹn kò sọ ọ́ di góòlù, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa idẹ.

Kí á má purọ́, kò sí ohun tó burú nínú ayédèrú tí wọ́n bá pè é ní ayédèrú. Ọ̀pọ̀ ìyàwó, àní ní Íńdíà fúnra rẹ̀, ń dé èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí wọ́n fi góòlù fẹ́ẹ́rẹ́ ra lójú, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ lò ó. Èyí tí wọ́n ń pè ní one gram gold ni wọ́n máa ń fi tan àlejò jẹ. Orúkọ ọjà ni. Kò túmọ̀ sí pé gíráàmù góòlù kan wà lára rẹ̀, alágbẹ̀dẹ kò sì ní rà á padà lọ́wọ́ yín.

Bí ó bá jẹ́ góòlù ni ẹ ń rà, ìwọ̀n ni ìjà wà. Lákì àti òkúta wúwo, ọlọ́jà tí kò lójú àánú á sì fi gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kí ó wá ka gbogbo rẹ̀ sí góòlù. Ìwọ̀n méjì ni kí ẹ béèrè: ìwọ̀n gbogbo ohun náà, àti ìwọ̀n góòlù nìkan. Kí méjèèjì wà lórí rìsíìtì, kí owó iṣẹ́ ọwọ́ dá wà lọ́tọ̀, nítorí owó iṣẹ́ kì í padà wá lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á. Àwọn àgbà ọlọ́jà ṣì máa ń fi tola ṣírò. Tola kan jẹ́ gíráàmù 11.66.

Òǹtẹ̀ ìjọba, àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára góòlù láti fi hàn bó ṣe mọ́ tó, ní àléébù tirẹ̀. Láti 2021 ni òfin Íńdíà ti ń sọ pé kí góòlù tí wọ́n ń tà ní òǹtẹ̀ BIS, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà níbẹ̀, àti láti oṣù kẹrin 2023, kí ó ní HUID, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́mbà mẹ́fà tí ẹ lè yẹ̀ wò lórí áàpù BIS Care. Lára góòlù kárátì 22, 22K916 ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n òfin yìí yọ kundan, polki àti jadau (iṣẹ́ tí wọ́n fi ń há òkúta mọ́ góòlù) sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá gan-an ni kò pọn dandan kí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Nítorí náà àìsí òǹtẹ̀ kò fi hàn pé ayédèrú ni, ọlọ́jà kò sì lè fi òfin bo ara rẹ̀ bí ẹ bá ní kí ó fi ẹ̀rọ yẹ góòlù náà wò lójú yín. Èyí tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ohun tí wọ́n bá tà ní góòlù tó ju gíráàmù kan lọ gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ilé àyẹ̀wò bíi ti London tàbí Birmingham. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á ní Southall, ní Green Street, tàbí ní Ealing Road ní Wembley, ẹ lo ẹ̀tọ́ yín.

Bí a bá ti yanjú ohun tí wọ́n fi ṣe é, ó ku bí yóò ṣe jókòó. Ibí ni matha patti ti ń já èèyàn kulẹ̀ jù lọ, ìyẹn olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo orí, orí kò sì dọ́gba. Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ fi téèpù aránṣọ wọn orí ìyàwó láti àárín ẹsẹ̀ irun lọ sí òkè etí, ọ̀tún àti òsì. Ó sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 14 sí 18. Apá matha patti tó bá kúrú ju ìyẹn lọ á fa pẹ́ńdáǹtì gòkè. Èyí tó bá gùn jù á máa rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bo ojú. Ẹ wá èyí tí ìparí apá rẹ̀ ní òrùka kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò léra, kí ẹ lè yan èyí tí ìkọ́ máa wọ̀. Ẹ fi ìkọ́ àárín gbé e kọ́ sórí ìka: pẹ́ńdáǹtì gbọ́dọ̀ dojú kọ yín. Bí ó bá ń yí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí ní iwájú orí ìyàwó nínú gbogbo fọ́tò. Ẹ wo àwọn òrùka tó so ṣéènì pọ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọn kò jó ẹnu rẹ̀ pọ̀ máa ń ṣí, á máa gbé irun mì, á sì máa fa ìborùn ya. Ní ti ìwúwo, bí ti idẹ bá ti ju gíráàmù 80 lọ, ẹ ronú dáadáa. Ìgbéyàwó ibẹ̀ kì í ṣe ti wákàtí méjì.

Dídé e ní ètò. Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ máa ń yọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ la ìlà àárín kó tọ́ gbọnrangandan, nítorí ṣéènì á tú àṣírí ìlà tó wọ́. Níbi tí ìkọ́ àárín máa dé lókè orí, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹsẹ̀ irun, ẹ di irun tín-ín-rín kan, kí ẹ sì fi ìkọ́ kọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi píìnì irun méjì dábùú ara wọn gba inú òrùka ṣéènì tó kẹ́yìn. Kí ìyàwó jókòó tọ́, kí ó wo iwájú. Ìsàlẹ̀ pẹ́ńdáǹtì yẹ kó fi ìwọ̀n ìka kan ga ju irun ojú lọ. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó mú apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì, píìnì kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ nínú ihò ṣéènì, kí ẹnikẹ́ni má fi píìnì gun ẹ̀yìn òkúta. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí wá sí àárín, pẹ́ńdáǹtì rẹ̀ kò ní dúró sí àárín láé.

Dupatta ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìborùn ìyàwó tó kún fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wúwo, ó sì ń fa orí sẹ́yìn. Ẹlòmíràn á fi píìnì so ó mọ́ ṣéènì matha patti nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn, kò ní pẹ́ tí pẹ́ńdáǹtì á fi sá gòkè wọ inú irun. Irun tí a ká jọ sẹ́yìn orí ni kí ẹ so dupatta mọ́, kí etí rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ṣéènì. Ìyàwó tún máa ń tẹ̀ ba láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àwọn àgbà, pẹ́ńdáǹtì á máa fì. Àwọn tí ń ṣe ìyàwó lóge máa ń fi ẹ̀kán gúlúù ìpéǹpéjú kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ awọ. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn sindoor ni kí ẹ ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ kò ní lè gbé e sókè.

Fún ẹ̀yin tiwa tí ẹ ń fẹ́ ọmọ Íńdíà tàbí Pakistan ní London, tàbí tí ẹ ń lọ síbi ìgbéyàwó wọn: irun dídì ló gba ìkọ́ jù lọ, ẹ kàn fi kọ́ abẹ́ ìlà dídì tó wà ní àárín. Wíìgì tó ní léèsì níwájú kò fẹ́ ẹrù. Píìnì á ya léèsì náà, ìwúwo á sì tú gúlúù rẹ̀, tikka kékeré ni kí ẹ fi mọ. Ní ti gèlè, matha patti kò bá a lọ rárá, apá rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà. Tikka lè bọ́ jáde láti abẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá kọ́kọ́ so ó mọ́ irun kí ẹ tó wé gèlè.

Ìyàwó tí iwájú orí rẹ̀ kéré kò nílò matha patti, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Kó gba borla, èyí tó rí roboto, tí àwọn obìnrin Rajasthan ń lò, tó ń jókòó sí ẹsẹ̀ irun gan-an láìbo ojú.

Ìdílé Tamil kì í sábà fi matha patti Jaipur ṣe ìyàwó bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é bí baba wọn ti ṣe é. Nettichutti ni tiwọn, pẹ̀lú oòrùn kékeré ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìlà irun àti òṣùpá ní òsì, rakodi ní ẹ̀yìn orí, àti jadai nagam, ejò olórí púpọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ irun gígùn tí a dì sẹ́yìn. Èyí tó dára jù lọ ń wá láti Vadasery, ní Nagercoil, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wẹ́ góòlù bo fàdákà, tí wọ́n sì ń to òkúta pupa sí i; orúkọ ọjà náà ní ààbò òfin ní Íńdíà. Àwọn òrìṣà inú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é fún, àwọn tí ń jó Bharatanatyam sì ń lò ó títí dòní. Tí ẹ bá bi wá léèrè, ó jókòó sórí ju ti Jaipur lọ, nítorí okùn ni wọ́n fi ń so ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, okùn kì í sì í yọ̀ bí ìkọ́. Ìṣòro jadai nagam ni gígùn: bí irun bá kúrú jù ú lọ, ẹ ó fi irun àfikún dì í. Ní Bengal ẹ̀wẹ̀, mukut funfun ni ìyàwó ń dé, shola ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, inú igi omi kan tó fúyẹ́ bí òwú. Kò ní ìṣòro ìwúwo, àmọ́ bí omi bá kàn án, ó parí. Ìyàwó Marathi àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ni wọ́n jọ ń so mundavalya, okùn péálì tó yí iwájú orí ká.

Lẹ́yìn ìnáwó, omi ni ọ̀tá kundan. Bí ó bá wọ abẹ́ òkúta, bébà fàdákà á dúdú, òkúta á sì fọ́jú. Kò sí fífọ̀ tó lè mú un padà, àfi kí alágbẹ̀dẹ tú u kó tún un tẹ́. Ẹ má fi sínú ọṣẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o sínú ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì fọ góòlù, nítorí lákì á ya. Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn pẹ̀lú, ooru ń yọ́ lákì. Lọ́fínńdà àti ohun tí a ń fín sí irun, kí ẹ ti fín wọn kí ẹ tó dé e. Ìyẹ̀fun sindoor máa ń wọ àárín péálì, ó sì ń pa á láró. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kó tó di ọjọ́ kejì. Kí ẹ wá fi aṣọ òwú wé e lọ́tọ̀, apá kan má kan ìkejì, kí ẹ sì tẹ́ ẹ gbọọrọ sínú páálí tó gùn tó o. Èyí tí wọ́n bá ká sínú àpótí kékeré tí ọlọ́jà fi fún wọn, ibi tí ṣéènì ti ṣẹ́ po ni òkúta ti ń kọ́kọ́ jábọ́.